Ihò Tí Ata Wẹẹrẹ Dí

"Ó tún ti wá."

Ata Wẹẹrẹ kò pariwo nígbà tó sọ ọ́. Ó dúró láàárín ọgbà ẹ̀fọ́ rẹ̀ ní kùtùkùtù òwúrọ̀, yúnífọ́ọ̀mù ti wà lọ́rùn rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń wo ìlà kábéèjì tó gbìn sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì. Kò sí ewé kankan lórí wọn mọ́. Kùkùté wọn nìkan ló kù, wọ́n dúró ṣóńṣó-ṣóńṣó bí ẹni tí wọ́n fá lórí. Ehoro tó ṣe iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ ní ìtìjú. Ó jẹun tán, ó yàgbẹ́ sórí ebè, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin yọjú láti ilé ìdáná, ó ń yán. "Kí ló tún ti wá?"

"Ehoro tí o ní o máa fi nẹ́ẹ̀tì dínà mọ́."

"Ṣé ó tún jẹun ni? Jẹ́ kó jẹ ẹ́ o jàre. Ẹ̀fọ́ ń ṣara lóore."

Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún ni Ata Wẹẹrẹ fi dá a lóhùn. Ó bà á léjìká gbàì, ẹ̀gbọ́n sì sá padà sínú ilé pẹ̀lú ẹ̀rín, torí ó mọ̀ pé bàtà ẹsẹ̀ òsì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ata Wẹẹrẹ kọ́ ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Àdúgbò ló fún un lórúkọ náà, ó sì bá a mu. Ọmọ náà kéré, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ́ ọ, ojú rẹ̀ á ṣomi. Nígbà mìíràn ìbínú rẹ̀ kì í nídìí rárá. Ti ọ̀tẹ̀ yìí nídìí.

Ilé-ìwé wọn ti kọ́ kíláàsì tuntun sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi ń dáko tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ọmọ kíláàsì àṣekágbá tó bá yan iṣẹ́ ọ̀gbìn gbọ́dọ̀ dá ọgbà ẹ̀fọ́ sí ilé ara rẹ̀, tísà iṣẹ́ ọ̀gbìn á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, á wò ó, á sì fún un ní máàkì. Máàkì náà wà lára ìdánwò àṣejáde. Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọ̀gbìn kì í gba ẹni tí kò bá ní in, bó ti wù kó mọ̀wé tó. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ni Ata Wẹẹrẹ sì fọkàn sí láti ìgbà tó ti mọ bí a ṣe ń fi ìka sin hóró ata sínú ilẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù àti yanrìn láti àárọ̀ dalẹ́ ló dàgbà sí. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá. Òun nìkan ló fẹ́ràn nǹkan tó ń hù.

Kò sì fọwọ́ lẹ́rán. Òjò ọdún náà kì í rọ̀ ṣeré, torí náà ó kọ ebè rẹ̀ sókè dáadáa kí omi má baà dúró sí ìdí ewébẹ̀. Ó tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ tòmátì kí ẹrẹ̀ má baà ta sí wọn lára, torí ewé tí ẹrẹ̀ bá ta sí kì í pẹ́ jẹrà. Ó ri ọ̀pá mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn, ó fi àkísà rírọ̀ so wọ́n mọ́ ọ̀pá kí atẹ́gùn má baà dá wọn. Àwọn ata tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú gbìn, ó ta ọ̀rá funfun lé wọn lórí bí àtíbàbà. Bí òjò bá ti dá, ebè ni yóò kọ́kọ́ lọ wò kó tó wá oúnjẹ lọ. Tísà ti yà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí, ó ní tí gbogbo rẹ̀ bá rí báyìí di ọjọ́ tí òun máa wá fún un ní máàkì, kò sí ohun tí òun fẹ́ bá a wí.

Ohun kan ṣoṣo tí kò rójú ẹ̀ ni ihò ìdí fẹ́ǹsì.

Ilẹ̀ ilé wọn dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ojú títì wá sí ẹ̀yìnkùlé. Àgbàrá tó bá ti ojú títì wá, àti omi tó bá ṣàn láti orí òrùlé, ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo rẹ̀ ń forí lé. Nígbà tí Bàbá ń mọ fẹ́ǹsì, ó fi ihò kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹnu korobá, kí omi lè gba ibẹ̀ bọ́ sínú gọ́tà aládùúgbò wọn tó wà ní ìsàlẹ̀. Obìnrin aránṣọ kan ni aládùúgbò náà, Màmá Télọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Òun ló yọ̀ǹda fún wọn pé kí omi wọn máa gba ilé òun kọjá lọ sí odò. Ẹlòmíràn ì bá ti kọ̀ jálẹ̀. Ihò tí omi ń gbà jáde yìí gan-an ni ehoro ń gbà wọlé, irun rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ara búlọ́ọ̀kù.

Bí Ata Wẹẹrẹ ṣe ń wo irun náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Màmá Télọ̀ yọ orí lókè fẹ́ǹsì, tó mọ níwọ̀n àyà ènìyàn. Téèpù ìwọnṣọ ti wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ata Wẹẹrẹ, ta lò ń bá jà láàárọ̀ yìí?"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ehoro ló tún jẹ kábéèjì mi."

Màmá Télọ̀ na ọrùn wo ebè náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ehoro yìí gbọ́ fáàrí o. Gbogbo koríko tó wà nínú igbó, kò rí jẹ, kábéèjì ló ń wá." Ó rí i pé ọmọ náà kò bá òun rẹ́rìn-ín, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Gbọ́, nẹ́ẹ̀tì onírin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tí wọ́n yọ lójú fèrèsé. Wá mú un. Fi bo ihò yẹn, kí o fi wáyà so ó le. Omi á kọjá, ehoro ò ní lè kọjá."

Ìmọ̀ràn tó dára nìyẹn. Ká ní inú kò bí Ata Wẹẹrẹ ni, ìtàn yìí ì bá parí síbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín obìnrin náà ti gún un lára, ojú rẹ̀ sì ti bọ́ sórí òkìtì kan lẹ́bàá gọ́tà ní òdìkejì. Èèpo kárọ́ọ̀tì àti ewé kábéèjì tó ti rọ ló wà níbẹ̀.

"Ta ló ń da ìyẹn síbẹ̀ yẹn, mà?"

"Èmi ni. Mo ń jẹ́ kó jẹrà, kí n lè fi ṣe ajílẹ̀ fún òdòdó mi."

"Ẹ̀yin lẹ ń bọ́ ehoro náà nìyẹn."

"Kí lo wí?"

"Ẹ̀yin lẹ pè é wá, mà. Ó ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ lọ́dọ̀ yín, ó wá ń jẹ tọ̀sán lọ́dọ̀ mi."

Ẹ̀rín kú lójú Màmá Télọ̀. "Wò mí dáadáa. Ọmọ tí mo bí gbẹ̀yìn jù ọ́ lọ. Omi ilé yín ti ń gba ilé mi kọjá kí wọ́n tó bí ọ, mi ò ráhùn rí. Tí o bá fẹ́ nẹ́ẹ̀tì, wá mú un. Tí o ò bá fẹ́, má wá fi ehoro bú mi."

Ata Wẹẹrẹ yí ẹ̀yìn padà. Ó pòṣé lábẹ́ ètè, ó rò pé kò dún, ó sì dún. Kò lọ mú nẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà, kò lọ mú un lọ́jọ́ kejì. Ohun tó ń wá kiri wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fún un, ìbínú kò jẹ́ kó nawọ́ gbà á.

Nígbà tí Bàbá dé lálẹ́, tó ń fọ sìmẹ́ńtì kúrò lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé, ọmọ rẹ̀ ti dúró tì í.

"Bàbá, ihò yẹn."

"Mo mọ̀. Sátidé."

"Sátidé wo? Láti ìgbà tí kábéèjì yẹn ti yọ ewé méjì lẹ ti ń sọ Sátidé. Gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò yìí lẹ ti bá tún fẹ́ǹsì ṣe. Tiwa nìkan ni ehoro ń wọ̀ bó ṣe wù ú."

Ìyá rẹ̀, tó ń ká aṣọ lẹ́nu ọ̀nà, gbójú sókè. "Rọra o. Bàbá rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀ pé bàbá mi ni, mà. Tó bá jẹ́ pé oníbàárà wọn ni mí ni, wọn ì bá ti wá."

Bàbá dá ọwọ́ dúró nínú omi. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé eegun torí pé òótọ́ ni. Ó rẹ̀ ẹ́, ebi ń pa á, ẹni tó sì ń bá a wí kò tíì ju èjìká rẹ̀ lọ.

"Má yọ mí lẹ́nu mọ́," ó ní. "Mo ní màá ṣe é, màá ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ihò náà kí n tó débẹ̀. Omi ló ni ibẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́?"

Ẹ̀gbọ́n ní òun gbọ́. Ata Wẹẹrẹ kò ní òun gbọ́, kò sì ní òun ò gbọ́. Ó wọlé lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wá rí ọ̀tá rẹ̀ lójúkojú. Ó ti ilé-ìwé dé, kò tíì gbé báàgì sílẹ̀, ehoro náà jókòó sáàárín ebè kárọ́ọ̀tì bí onílé. Etí rẹ̀ nà sókè. Ó ń jẹ ewé kárọ́ọ̀tì láti òkè wá sísàlẹ̀, ó ń fara balẹ̀. Ata Wẹẹrẹ sáré sí i, ẹranko náà wò ó, ó parí èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó wá fò lọ sí ìdí fẹ́ǹsì, ó sì gba ihò náà jáde. Kò tilẹ̀ yára.

Kò sí ohun tó ń bí ènìyàn nínú tó pé kí ẹni tó ń jà á lólè má bẹ̀rù rẹ̀. Ata Wẹẹrẹ ju báàgì mọ́lẹ̀. Ó bú ehoro. Ó bú Màmá Télọ̀ àti òkìtì rẹ̀. Ó bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ dùn tí ọwọ́ rẹ̀ kú. Díẹ̀ ló kù kó bú bàbá rẹ̀, ó gbé ìyẹn mì. Lẹ́yìn náà ó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé níbi tí àpò sìmẹ́ńtì tí Bàbá lò kù wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé yẹn ṣe rí. Ohunkóhun tó bá ya nínú rẹ̀, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ń dí i. Bàbá ti fi sìmẹ́ńtì lẹ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n fi dí ihò eku, ó sì fi dí ihò kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kan tí wọn kì í ṣí mọ́. Ata Wẹẹrẹ tó lóun ò fẹ́ràn búlọ́ọ̀kù, ọmọ ibẹ̀ náà ni. Ẹlòmíràn ì bá fi òkúta lásán dí ihò yẹn, òjò àkọ́kọ́ ì bá sì gbé òkúta náà lọ láìsí wàhálà. Ata Wẹẹrẹ ṣe é dáadáa. Ó jọ yanrìn. Ó po sìmẹ́ńtì kò ṣàn, kò sì gbẹ. Ó wọ́n omi sí ara búlọ́ọ̀kù kí ó lè di mọ́ra, ó ki àjákù búlọ́ọ̀kù sínú ihò náà, ó fi sìmẹ́ńtì há gbogbo àlàfo rẹ̀, ó wá fi irin ìrẹ́lé bàbá rẹ̀ rẹ́ ojú rẹ̀ títí ó fi dán.

Ó ń fọ irin náà lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé.

"Kí lo ṣe yìí?"

"Ohun tí ìwọ ní o máa ṣe."

"Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

"Lọ sọ fún wọn. Tí o bá ń sọ ọ́, rántí sọ pé nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní kí o gé wá láti sáìtì ti dé tipẹ́. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, ò ń to bàtà tútù lé e títí ó fi dípẹtà, tó sì já."

Ẹ̀gbọ́n wo fẹ́ǹsì, ó wo ojú ọ̀run tó mọ́ kedere. "Tí òjò bá wá rọ̀ ńkọ́?"

"Kó tó rọ̀, màá ti gba máàkì mi. Màá fọ́ ọ nígbà náà."

Ó kó koríko gbígbẹ bo ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò sọ fún ẹnì kankan, torí pé ọ̀rọ̀ náà kò ní yọ òun náà sílẹ̀.

Ehoro kò wá mọ́. Ewé kárọ́ọ̀tì tún hù, tòmátì pọ́n lórí ọ̀pá, inú Ata Wẹẹrẹ sì ń dùn bí ẹni tó ti borí gbogbo ayé. Bàbá rí i pé kò ráhùn mọ́, ó rò pé ìbínú rẹ̀ ti tán, ó sì tún sún iṣẹ́ náà síwájú.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí tísà máa wá ni òjò dé. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà ní kíláàsì. Ojú ọjọ́ ṣú dùdù, atẹ́gùn gbá fèrèsé, òjò wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ẹni pé wọ́n da àgbá nù. Tísà ìṣirò ń pariwo kí wọ́n lè gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ata Wẹẹrẹ ń wo bí omi ṣe ń kún gọ́tà ilé-ìwé. Ó rántí ihò tó dí. Ó kó ìwé rẹ̀, kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sáré jáde sínú òjò.

Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, omi ti dé orúnkún rẹ̀. Kò rí ebè. Odò pupa kan ló rí, tí koríko gbígbẹ àti tòmátì ń léfòó lórí rẹ̀. Ọ̀rá funfun ti lọ́ mọ́ ọ̀pá, àwọn ata kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti hú kúrò pẹ̀lú gbòǹgbò. Omi ṣì ń ti ojú títì wá, kò sì ríbi lọ.

Ó gbé dígà, ó wọ́ omi dé ìdí fẹ́ǹsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún ibi tó dí. Dígà ń ta padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gún, ó gún, awọ ọwọ́ rẹ̀ bó. Ó bú sìmẹ́ńtì náà. Òun ló pò ó, kò sì fi nǹkan kan dù ú.

Ibẹ̀ ni Bàbá àti ẹ̀gbọ́n bá a, torí òjò ti lé wọn kúrò ní sáìtì. Bàbá wo omi. Ó wo ọmọ rẹ̀ àti dígà.

"Ta ló dí i?"

"Èmi ni, sà."

Bàbá gba dígà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi gbogbo agbára gún un lẹ́ẹ̀mejì, èérún díẹ̀ ló fò kúrò. Ó fẹ́ gún un ẹlẹ́ẹ̀kẹta nígbà tó rí i tí ìlà tín-ín-rín kan là lára fẹ́ǹsì láti òkè wá sísàlẹ̀, tí àárín fẹ́ǹsì náà sì ń wú lọ sí òdìkejì. Ó ju dígà nù. Ó gbá ọrùn aṣọ Ata Wẹẹrẹ mú, ó wọ́ ọ sẹ́yìn, ó sì ń lọgun kí ohùn rẹ̀ lè borí òjò.

"Màmá Télọ̀, ẹ jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jáde báyìí. Fẹ́ǹsì ń wó."

Ṣọ́ọ̀bù Màmá Télọ̀ fẹ̀yìn ti fẹ́ǹsì náà. Obìnrin náà jáde pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó fẹ́ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kò tíì la ẹnu tí fẹ́ǹsì fi wó. Búlọ́ọ̀kù, ẹrẹ̀, ọ̀pá àti tòmátì pupa wó lu ògiri pákó ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n gbé e wọlé, omi sì tẹ̀lé wọn. Láàárín ìgbà díẹ̀, ẹ̀yìnkùlé Ata Wẹẹrẹ gbẹ. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti kó lọ sílé ẹlòmíràn.

Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà lábẹ́ búlọ́ọ̀kù, ọrùn rẹ̀ kán. Aṣọ àwọn oníbàárà, èyí tí wọ́n ti rán tán àti èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, wà nínú ẹrẹ̀. Màmá Télọ̀ dúró nínú òjò, ó ń wò wọ́n. Bàbá gorí búlọ́ọ̀kù kọjá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀. Ata Wẹẹrẹ kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ dìde," Màmá Télọ̀ sọ fún Bàbá. "Ẹrẹ̀ lẹ sùn sí. Ta ló dí ihò?"

"Ọmọ mi ni, mà. Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀ mí títí kí n bo ibẹ̀ fún òun, mi ò dá a lóhùn."

"Èmi mọ̀," ẹ̀gbọ́n sọ láti ẹ̀yìn. "Mo dákẹ́."

Màmá Télọ̀ yíjú sí Ata Wẹẹrẹ. Kò pariwo mọ́ ọn. "Mo ní kí o wá mú nẹ́ẹ̀tì. Mo sọ bí o ṣe máa so ó fún ọ. O pòṣé sí mi. Ẹ̀rọ yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ẹ kúrò níwájú mi, gbogbo yín."

Tísà iṣẹ́ ọ̀gbìn dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Ó dúró lórí ibi tí ebè kárọ́ọ̀tì wà tẹ́lẹ̀, ó wo ẹrẹ̀ lọ wo ẹrẹ̀ bọ̀, àánú sì ṣe é.

"Má ronú jù," ó ní. "Gbogbo ilé tí mo ti yà láàárọ̀ yìí, òjò ti ṣe wọ́n báṣubàṣu. Mo ti rí ọgbà rẹ rí, mo mọ bó ṣe dára tó. Màá sọ pé òjò ló wó fẹ́ǹsì, màá sì fún ọ ní máàkì tó tọ́ sí ọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Bàbá, tó gbé búlọ́ọ̀kù kan dání, dúró. Ẹ̀gbọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Fẹ́ǹsì kò sí láàárín wọn àti Màmá Télọ̀ mọ́. Obìnrin náà jókòó nídìí bàsíà, ó ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára aṣọ ẹni ẹlẹ́ni, ó sì ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Kò gbójú sókè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni ohun tí Ata Wẹẹrẹ ní láti sọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ó sì tún dà bí òtítọ́, torí òjò rọ̀ lóòótọ́, fẹ́ǹsì sì wó. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ó rí ọwọ́ Màmá Télọ̀ tó ń fún aṣọ. Tó bá jẹ́ òjò ló ṣe é, lọ́wọ́ ta ni obìnrin yìí máa béèrè ẹ̀rọ rẹ̀? Òjò ti lọ. Inú bí Ata Wẹẹrẹ, bíbí tó jù ti ọjọ́ ehoro lọ, kò sì rí ẹlòmíràn tó lè dárí rẹ̀ sí.

"Kì í ṣe òjò, sà. Èmi ni mo fi sìmẹ́ńtì dí ihò tí omi ń gbà, nítorí ehoro. Bàbá mi ní kí n má ṣe é."

Ojú tísà le. "O mọ̀ pé ọ̀nà omi ni, o sì dí i?"

"Mo mọ̀, sà."

"Kí ni mo kọ́ yín ní kíláàsì?" Inú ti bí òun náà. "Ẹni tó bá fẹ́ lé ẹranko, kó má dí omi lọ́nà. Àìmọye ìgbà ni mo sọ ọ́. Mo fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́, o ò jẹ́. Mi ò lè fún ọ ní máàkì lórí ẹrẹ̀ tí o fọwọ́ ara rẹ fà. Di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn."

Ó lọ. Odidi ọdún kan lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ata Wẹẹrẹ ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí Màmá Télọ̀ pè é. "Ìwọ."

"Mà."

"Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún tísà. Kò tún ẹ̀rọ mi ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Inú rẹ ṣì ń bí mi. Ó máa pẹ́ kó tó tán."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bàsíà kejì wà níbẹ̀ yẹn. Àwọn funfun ni kí o mú. Má pò wọ́n mọ́ èyí tó láwọ̀."

Ó lọ, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ tó bó ń ta á nínú ọṣẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má sọ pé mo ní kí ẹ má bínú. Ehoro jẹ ẹ̀fọ́ ọmọ yìí lóòótọ́. Bàbá rẹ̀ fònídónìí fọ̀ladọ́la, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ parọ́ fún un, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ kí inú bí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tó ní kò fi ọ̀nà mìíràn han omi. Ìbínú kò jẹ́ kó gba ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, kò sì jẹ́ kó bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí mo bá dí ibí yìí, ta ni omi náà máa lọ bá? Ẹni tí inú ń bí tó sì lè dúró béèrè ìyẹn, kò ní wó ilé ẹlòmíràn, kò sì ní fi ọdún kan ṣòfò.

Ó fọ ṣẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tán, ó fún un, ó nà án sókè. Màmá Télọ̀ wò ó.

"Tún un fọ̀," ó ní. "Kò tíì mọ́."

Ata Wẹẹrẹ dá a padà sínú omi, ó sì tún un fọ̀.